Orílẹ̀-èdè tá a dá sílẹ̀ nínú mọ́tò, láti Adó sí Òkèmẹ̀sí

Bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí, àwọn kan á ní irọ́ ni mò ń pa, ṣùgbọ́n ó ṣojú mi kòró. Lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, èèyàn méje dá orílẹ̀-èdè tuntun sílẹ̀ nínú mọ́tò láàrin Adó-Èkìtì sí Ìgèdè. Nígbà tí mọ́tò ọ̀hún yóò fi dé Ìtàwúrẹ́, orílẹ̀-èdè náà ti fọ́ yángá. Ẹnikẹ́ni ò yìnbọn, ṣọ́jà kankan ò gbàjọba. Ọ̀rọ̀ pé ìlú wo ni kó jẹ́ olú ìlú ló tú u ká. Èmi gan-an wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, mo sì tún wà lára àwọn tó bà á jẹ́.

Òkèmẹ̀sí ni mò ń lọ lọ́jọ́ náà. Ìlú Fábùnmi ni, ibẹ̀ ni iná ogun Kírìjì ti ràn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n fojú ara mi rí i. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ogun náà, a kì í rántí pé ìlú tí wọ́n ń wí yìí wà níbẹ̀, mọ́tò ń lọ, mọ́tò ń bọ̀, èèyàn sì ń gúnyán níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Adó ni mo ti gbéra. Ẹni tó bá mọ Adó nígbà tó ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, kó wá wò ó báyìí. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹwàá, ọdún 1996 ni ìjọba ológun Abacha kéde ìpínlẹ̀ Èkìtì, lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Nasarawa, Zamfara, Gombe, Ebonyi àti Bayelsa. Látìgbà náà ni ilé ti ń yọ lórí òkè bí olú tó hù lẹ́yìn òjò. Mo rìn láti Ọjà Ọba, mo gba Òkèṣà, mo fi dé Fájuyì, níbi tí wọ́n ti ń rántí Adékúnlé Fájuyì, ọmọ bíbí Adó, gómìnà ológun ìwọ̀-oòrùn, ẹni tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, lọ́jọ́ 29, oṣù keje, ọdún 1966. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá mú àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ Ìbàdàn yẹn sọ́kàn, nítorí a óò tún kàn án níwájú.

Mọ́tò Sienna kan ni mo wọ̀. Dírẹ́bà ọmọ Adó ni. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó síwájú, ọmọ Ìjerò ni wọ́n. Màmá kan tó ń ta aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ Ìkẹ́rẹ́. Ọkùnrin kan tó ń lọ sí Èfọ̀n Aláayè wà lọ́wọ́ òsì mi. Àwọn ọmọ fásitì méjì, ọ̀kan láti Ìkọ̀lé, èkejì láti Ọ̀tùn, ni wọ́n ká mọ́ra wọn lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì wọn. Èmi ni mo ṣe ìkeje.

A kọjá Básìrì, a dé Ìyìn, ìlú Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ tó ṣe gómìnà ológun ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn tí Fájuyì kú. Ìlú yìí kan náà ló tún bí Níyì Adébáyọ̀, ọmọ rẹ̀, tó di gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkìtì lọ́dún 1999. Bàbá tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ èyí fún wa ni mọ́tò já sí kòtò kan báyìí, orí gbogbo wa sì kan òrùlé.

Ọmọ Ìkọ̀lé ló kọ́kọ́ bínú. Ó ní ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ nìyí, Abùjá ló ni ín, àwọn tó sì wà l'Abùjá ò mọ̀ bóyá èèyàn ń gbé níbí. Ó ní ká ní Èkìtì dá dúró gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ni, ọ̀nà yìí ò ní í rí báyìí.

Ni Bàbá tíṣà bá yí ọrùn padà wò ó. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé a ò dá dúró rí?”

Bí ìtàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ fara balẹ̀, nítorí àwọn tí kò mọ̀ pọ̀. Ìbàdàn ló ń jẹ gàba lórí ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà nígbà yẹn. Ìlú tí wọ́n bá ti ṣẹ́gun, wọn a fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀ tí yóò máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ajẹ́lẹ̀ a wọ ọjà, wọn a gbé ohun tó bá wù wọ́n, wọn a wọ oko olóko, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀, ó di ẹni à ń lù. Lọ́dún 1878, Fábùnmi, ọ̀dọ́mọkùnrin jagunjagun kan l'Òkèmẹ̀sí, ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó wà nílùú náà. Ẹni tó bá pa ajẹ́lẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ogun ló fi pè. Fábùnmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ọba yòókù pé ohun tóun ṣe rèé, kí wọ́n wá ká jọ gbà á.

Wọ́n wá. Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu nìyẹn. Èkìtì dáhùn, Ìjẹ̀ṣà dáhùn, Ìgbómìnà àti Àkókó náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé, akọni Iléṣà, ló wá di olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ìran àwọn tó ti oko ẹrú padà bọ̀, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn. Ìbàdàn tó ti máa ń fi ìbínú gba ìlú láàárọ̀ jókòó síbi kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ààrẹ Látóòsà, Kakaǹfò Ìbàdàn, kú sí bùdó lọ́dún 1885 láìfojú rí òpin ogun náà.

Lọ́dún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Gómìnà òyìnbó tó wà l'Ékòó ló ṣètò rẹ̀, Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá àti Charles Phillips, ìránṣẹ́ Ọlọ́run méjì, ló ń sáré láàrin bùdó méjèèjì. Kí ló wà nínú ìwé náà? Pé Ìbàdàn dá dúró, Èkìtìparapọ̀ náà dá dúró, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ gàba lórí ẹnì kejì mọ́. Ìlú mẹ́rin, Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ, bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn, àwọn tí kò bá sì fẹ́ gbé ibẹ̀ láǹfààní láti kó jáde.

Bàbá tíṣà ní, “Ẹ wò ó, wọ́n ní ológun, wọ́n ní ààlà, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú ará ìta. Kí ló tún kù tí orílẹ̀-èdè ń ní?”

Mọ́tò wá gbóná. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ la dá orílẹ̀-èdè Èkìtìparapọ̀ padà. Ọmọ Ọ̀tùn ní a óò ní pásípọ́ọ̀tì tiwa, wọn á ya òkè sára rẹ̀, ṣé wọ́n ṣáà ní ara okìtì la ti mú Èkìtì jáde. Ọkùnrin Èfọ̀n ní ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ wà n'Ítàwúrẹ́, kí gbogbo mọ́tò tó bá ń ti Iléṣà bọ̀ máa sanwó. Mo ní ṣebí Ìjẹ̀ṣà wà lára wa ni? Ó ní ẹ̀n-ẹn, kí wọ́n san ìdajì. Èdè wo la óò máa sọ nílé ìgbìmọ̀? Gbogbo wọn ní Èkìtì ni, kí wọ́n máa pe ilé ní “ulé”, kí wọ́n máa pe iṣu ní “uṣu”, kí ẹni tí kò bá gbọ́ lọ wá ògbufọ̀. Kódà, ọmọ Ìkọ̀lé ti fi Bàbá tíṣà jẹ mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín.

Màmá tó ń ta aṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a dákẹ́, wọ́n ní, “Ẹ máa fi orílẹ̀-èdè ṣeré. Ọmọ mi wà ní irú ẹ̀ báyìí.”

A ní níbo? Wọ́n ní Cyprus, apá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè Tọ́kì. Mo mọ nǹkan díẹ̀ nípa ibẹ̀, mo sì là á yé àwọn yòókù. Erékùṣù kan ni Cyprus. Lọ́dún 1974 ni àwọn ṣọ́jà Tọ́kì wọ apá àríwá rẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 15, oṣù kọkànlá, ọdún 1983, àwọn tó ń sọ èdè Tọ́kì níbẹ̀ kéde pé àwọn ti di orílẹ̀-èdè olómìnira. Wọ́n ní ààrẹ, wọ́n ní ilé ìgbìmọ̀, wọ́n ní ọlọ́pàá, wọ́n ní àsíá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ayé, orílẹ̀-èdè Tọ́kì nìkan ló gbà pé orílẹ̀-èdè ni wọ́n. Bí o bá fẹ́ kọ lẹ́tà síbẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì ìlú kan ní Tọ́kì, Mersin, lo máa kọ sí i lára. Bàálù tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba Tọ́kì. Síbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní fásitì wọn pọ̀ jọjọ.

Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ilé tí bàbá ọmọ náà fi sílẹ̀ n'Íkẹ́rẹ́ làwọn tà tí àwọn fi rán an lọ. Ẹni tó bá àwọn ṣètò ìwé ò sọ fún àwọn pé kò sí ilé aṣojú Nàìjíríà níbẹ̀. Ìgbà tí ọmọ ní wàhálà lórí ìwé ìgbélùú ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Wọ́n ní, “Mo ní kó lọ bá àwọn èèyàn wa níbẹ̀. Ó ní, ‘Mọ́mì, kò séèyàn wa níbí o.’ Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sùn dáadáa.” Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lókè òkun kìlọ̀ fáwọn òbí lórí ibẹ̀ lọ́dún 2020, ṣùgbọ́n màmá ní ta ló gbé ìkìlọ̀ náà dé ọjà aṣọ?

Mọ́tò pa lọ́lọ́. Dírẹ́bà ló fẹ́ fi àwàdà tú wa nínú, ló bá ní kí màmá má bẹ̀rù, bí orílẹ̀-èdè tiwa bá ti dúró l'Adó, ibẹ̀ la óò kọ́ ilé aṣojú sí.

Bí wàhálà ṣe dé nìyẹn o. Bàbá tíṣà ní kí ló dé tó fi jẹ́ Adó? Dírẹ́bà ní àbí ibòmíì wà tó tó Adó ni? Bàbá ní Ìjerò ti ń jẹ́ Ìjerò kí òyìnbó tó sọ Adó di ibùjókòó ìjọba Èkìtì lọ́dún 1913. Ọmọ Ọ̀tùn ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ipò àgbà ni, ṣé wọ́n ti gbàgbé Ọọ̀rẹ̀ ni? Ọmọ Ìkọ̀lé ní ti Ẹlẹ́kọ̀lé ńkọ́? Ọkùnrin Èfọ̀n ní kò sí ìlú tó lè ju Èfọ̀n lọ tí oun bá wà láyé. Èmi tó yẹ kí n máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀, mi ò mọ̀gbà tí mo pariwo pé Adó ni, torí Adó ni wọ́n ti bí ìyá mi. A ń jà bọ̀ títí a fi gba Ìgèdè kọjá. A dé Àrámọkọ, ìlú Alárá, níbi tí ọ̀nà Ìkògòsì ti yà, a ò rí i. Ìkògòsì yẹn lomi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí wọ́n sì pàdé láìjà. Àwa méje ò lè pàdé.

Kì í kúkú ṣe àwa nìkan. Ọba aládé mẹ́rìndínlógún ni wọ́n máa ń kà ní Èkìtì, Pelúpelú ni wọ́n ń pè wọ́n, kò sì sí ọ̀kan tó gbà pé òun kéré sí èkejì. L'Òkèmẹ̀sí ni wọ́n ti ṣe ìpàdé wọn lábẹ́ òyìnbó lọ́dún 1900. Láti 2019 wọ 2020, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi Aláwẹ̀ ti Ìlawẹ̀ ṣe alága ìgbìmọ̀ àwọn lọ́balọ́ba, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Pelúpelú kọ̀, wọ́n ò wá sípàdé, ọ̀rọ̀ sì di ti ìwé ìbéèrè láti ọ́fíìsì ìjọba. Ohun tó bá àwa nínú mọ́tò, ó ti bá àwọn tó jù wá lọ.

Bí mo ṣe sọ̀ n'Ítàwúrẹ́ tí mo wọ ọ̀kadà lọ s'Ókèmẹ̀sí, inú ò dùn sí mi. Mo rò pé bóyá òpùrọ́ ni gbogbo ìtàn ìparapọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ṣe yà, tí àwọn òkè ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n yí ìlú ká bí ọgbà, ọ̀rọ̀ Fábùnmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Ẹni tó bá dúró níbí tó gbójú sókè, á mọ̀ pé ìlú tó wà lẹ́yìn òkè ò lè rí òun. Bí wàhálà bá dé, àfi kéèyàn pariwo, kó sì máa retí pé wọ́n á dáhùn.

Mo jẹun nílé oúnjẹ kan. Iyán ni, àti ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, iyán tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi odidi oṣù kan gún ti Èkó, kò lè fún bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó níbẹ̀ tó ń mu ẹmu. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo jókòó tì wọ́n, mo sì rojọ́ mọ́tò wa fún wọn látòkèdélẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi húkọ́. Wọ́n wá ní, “Ibi tẹ́ ẹ ti ṣìnà rèé. Ìgbà tí Fábùnmi pariwo, kò sẹ́ni tó bi í pé ààfin ta ni wọ́n fẹ́ máa ti ṣèpàdé. Ajẹ́lẹ̀ wà nílé kóówá. Ẹni tíyà kan náà ń jẹ ni wọ́n ń pè ní ìparapọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń pín oyè.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo bi wọ́n pé, níjọ́ òní ńkọ́, ta ni ajẹ́lẹ̀? Bàbá kàn wojú mi. Wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọba ni?

Mo gbọ́. Gbogbo wa la gbọ́. Lọ́jọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, àwọn agbébọn dá àwọn ọba mẹ́ta lọ́nà lápá àríwá Èkìtì bí wọ́n ṣe ń ti ìpàdé bọ̀. Wọ́n pa Onímọ̀jò ti Ìmọ̀jò àti Ẹlẹ́sun ti Ẹ̀sun, ẹ̀kẹta ló rọ́nà sá. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn nínú bọ́ọ̀sì l'Ẹ́mùré, ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n sì lò nínú igbó kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Àwọn agbébọn tó dá ọba lọ́nà ò bi wọ́n bóyá Pelúpelú ni wọ́n tàbí ọba kékeré. Ojú kan náà ni wọ́n fi wo gbogbo adé.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ Ìbàdàn ti padà wá. Lọ́jọ́ 9, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá kó ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn jáde. Níbo ni wọ́n ti ṣe é? N'Ìbàdàn. Èkìtì wà níbẹ̀, Ọ̀ṣun tí Iléṣà wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, Ọ̀yọ́ ló gbà wọ́n lálejò. Ọmọọmọ àwọn tó jókòó ti ara wọn pẹ̀lú ìbọn nígbà ogun Kírìjì ló jókòó sábẹ́ òrùlé kan yẹn. Mi ò sọ pé Àmọ̀tẹ́kùn ti yanjú gbogbo ọ̀ràn, torí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa àwọn ọba. Ohun tí mò ń wí ni pé nígbà tí ìyà pa wọ́n pọ̀, kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ olú ìlú dá ìpàdé dúró.

Nígbà tí Fábùnmi àti Látóòsà ń jà, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù wà ní Berlin láti 1884 wọ 1885, wọ́n ń ṣe òfin bí wọn yóò ṣe pín ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1893 ni Gómìnà Carter gòkè wá láti Èkó tó tú bùdó ogun náà ká. Kò pẹ́ tí Ìbàdàn àti Èkìtì tó ti fọwọ́ sí i pé kóówá dá dúró fi jọ bọ́ sábẹ́ ọ̀gá kan náà. Ìwé 1886 wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á sí mọ́. Bó ṣe rí fún apá kan Cyprus yẹn náà nìyẹn: àsíá wà, ẹni tó máa dá a lóhùn ló ṣọ̀wọ́n. Ọmọ màmá aṣọ ti mọ èyí ju gbogbo àwa tá a wà nínú mọ́tò lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ, pé kò séèyàn wa níbí, òun ló ń sọ ibi tí orílẹ̀-èdè parí sí.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni mo padà sí Ìtàwúrẹ́. Dírẹ́bà tó fẹ́ gbé mi padà s'Adó ní ká tètè, òun kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú òun sójú ọ̀nà yìí mọ́. Gbogbo èèyàn tó wà nínú mọ́tò ló dákẹ́, kálukú ń wo igbó. Bí a ṣe fi díẹ̀ kọjá Ìtàwúrẹ́, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀kadà wọn ti bàjẹ́, ilẹ̀ sì ti fẹ́ máa ṣú. Mọ́tò ti kún. Dírẹ́bà dúró. Kò bi wọ́n pé ọmọ ìlú ibo ni wọ́n, àwa náà ò bi wọ́n. A kàn sún mọ́ra.